Èkó Ń Ka Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé, Ó Ń Ka Ọkọ̀ Ọlọ́pàá: Ta Ló Ń Ka Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti ń parí lọ sí ìkarùn-ún, àwọn kọmíṣọ́nà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó a máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan sí gbọ̀ngàn àwọn oníròyìn ní Aláùsá, èyí tí wọ́n fi orúkọ Bagauda Kaltho pè, akọ̀ròyìn tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ láyé Abacha. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ròyìn iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún odidi ọdún kan. Tó bá kan iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú, kọmíṣọ́nà á ka iye ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí wọ́n buwọ́ lù, iye ilé tí wọ́n fi èdìdì tì, àti iye èyí tí wọ́n wó. Bí ọdún bá wá ń lọ sópin, ìpàdé mìíràn á tún wáyé lórí ààbò, lábẹ́ àpò owó ààbò tí ìpínlẹ̀ náà fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2007. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá Èkó ti máa ń ka iye adigunjalè tí ọwọ́ tẹ̀ àti iye ìbọn tí wọ́n gbà, tí àwọn tó ń bójú tó àpò owó náà á sì ka ọkọ̀, epo àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n rà fún ọlọ́pàá.

Inú mi dùn pé àwọn ìpàdé méjèèjì wà. Ìjọba tó bá jáde wá jíhìn níwájú aráàlú, ó yẹ ká yìn ín. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé ìjábọ̀ wọn, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ohun tó jáde lọ́wọ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń kà. Ó dà bí ìgbà tí dókítà bá ń ka iye oògùn tó kọ fún àwọn aláìsàn, tí kò sì béèrè ẹni tó gbádùn nínú wọn. Ìwé jáde, ọkọ̀ jáde. Kí ni ìwé yẹn ṣe nígbà tó dé orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀? Ibo ni ọkọ̀ yẹn wà lóru ọjọ́ tí ẹnìkan ké gbàjarè? Ohun tí ẹni tó ń kọ́lé ní Ìkòròdú àti ẹni tó háyà yàrá kan ní Muṣin fẹ́ gbọ́ nìyẹn, wọn kì í sì í kà á sí wọn létí.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú: àwọn lébìrà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, agùnbánirọ̀ kan tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, àti Femi Osibona fúnra rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ilé náà. Wọn ò tíì gbé òkú tán tí ọ̀gá àgbà LASBCA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé kíkọ́ ní Èkó, fi sọ fún àwọn oníròyìn pé àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjọba fọwọ́ sí. Igbákejì gómìnà, Ọbáfẹ́mi Hamzat, ní rárá o, mọ́kànlélógún ni. Wọ́n ní kí ọ̀gá àjọ náà lọ rọ́ọ́kún nílé. Nígbà tó yá, kọmíṣọ́nà ètò ìlú, Idris Salako, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, Toyin Ayinde tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀, wọ́n sì jábọ̀ fún gómìnà ní oṣù kìíní ọdún 2022.

Ọkàn mi kì í kúrò lórí àríyànjiyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbí mọ́kànlélógún yẹn. Ilé kan ni, ìwé àṣẹ kan ni, síbẹ̀ àwọn àgbà ìjọba méjì ò lè fẹnu kò lórí ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà lábẹ́ àwókù. Ìkòyí nìyẹn o, níbi tí ojú gbogbo ayé wà. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ lórí ilé alájà mẹ́ta tó wà nínú àdúgbò tí ọkọ̀ ìjọba kì í wọ̀? Ìdí rèé tí mi ò fi lè gba iye ìwé àṣẹ tí wọ́n kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìlú wà létò. Ohun kan ṣì tún wà níbẹ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ti fi èdìdì ti ilé náà fún oṣù mélòó kan lọ́dún yẹn kan náà, nítorí àléébù tí àyẹ̀wò fi hàn. Wọ́n padà ṣí i, iṣẹ́ sì ń lọ. Nínú ìṣirò ọdọọdún, ilé yẹn á jẹ́ oókan lára àwọn ilé tí wọ́n tì. Wọn ò ní ìlà tí wọ́n ti ń kọ iye ilé tí wọ́n ṣí padà, orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú, àti ohun tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Ìwé àṣẹ kọ́ ló ń gbé ilé dúró. Sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta, omi, àti irin tó wà láàárín wọn ló ń gbé e dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà láti mọ̀ bóyá wọ́n pò ó dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọ́ńkéré òpó, ó yẹ kí ẹnìkan bù nínú àpòpọ̀ yẹn gan-an sínú àpótí irin kékeré tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150. Á fi ọ̀pá irin gún un kí afẹ́fẹ́ má bàa kù sínú rẹ̀, á fi kànnáǹpá tẹ́ ojú rẹ̀, á sì kọ ọjọ́ tí wọ́n pò ó sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, á tú u kúrò nínú àpótí, á rì í sínú omi. Tó bá pé ọjọ́ 7, wọ́n á gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Tó bá pé ọjọ́ 28, wọ́n á tẹ ìyókù. Ìwọ̀n agbára tó gbà kó tó fọ́ ló máa sọ bóyá òpó tí wọ́n ti dà yẹn lè ru ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lórí. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibi àyẹ̀wò tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó ní ẹ̀rọ, ó ní òṣìṣẹ́. Kò sí awo níbẹ̀.

Ọjọ́ 28 yẹn ni wàhálà. Ó gùn púpọ̀ lójú ẹni tó yá owó báńkì, tí èlé ń gun èlé. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti da àjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ń to páńkó tí wọ́n máa fi da òmíràn. Yanrìn òkun tí wọn ò fi omi tútù fọ̀ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ irin láti inú wá. Irin tí wọ́n pè ní mílímítà 16 lọ́jà lè má tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri, tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà, kò sí ojú tó lè rí gbogbo èyí. Nítorí náà, ọjọ́ tí olùyẹ̀wò dé ṣe pàtàkì lójú mi ju ọjọ́ tí ìwé jáde lọ. Ó gbọ́dọ̀ dé nígbà tí irin ṣì wà ní ìhòòhò nínú kòtò ìpìlẹ̀, kó kà á, kó wọ̀n ọ́n, kó sì tún padà wá kí wọ́n tó da àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí wọ́n ń kà fún wa ní Aláùsá.

Òfin ètò ìlú tí Èkó ṣe lọ́dún 2010 ti pín iṣẹ́ yìí. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. LASBCA ló ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, òun náà ló sì yẹ kó fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, pé ó yẹ fún ọmọ èèyàn láti máa gbé. Ẹ bi lándílọ́ọ̀dù yín bóyá ó ní ìwé kejì yìí. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta-Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ogún èèyàn ló kú níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára wọn, nítorí wọ́n ti sọ apá kan ilé gbígbé náà di iléèwé. Ìwé àṣẹ ilé gbígbé kò sọ pé àga àti tábìlì àwọn ọmọ iléèwé máa wà lókè. Ẹni tó bá ń lọ wo ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ tán nìkan ló lè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé ti kan ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Olùyẹ̀wò dé, ó rí i pé wọn ò gbàṣẹ, tàbí pé òpó ti ń sán. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì, ó ti ibẹ̀ pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Tó bá di òru, tàbí ọjọ́ Sátidé, tàbí ìsinmi ọdún tí òṣìṣẹ́ ìjọba wà nílé, ẹ̀rọ tó ń po kọ́ńkéré á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn aláṣẹ Èkó fúnra wọn ti ráhùn léraléra nípa àwọn tó ń já èdìdì ìjọba, àti nípa àwọn tó ń lu òṣìṣẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó já èdìdì ti rú òfin. Ta ni yóò wá mú un? Olùyẹ̀wò ò ní ìbọn, kò ní àtìmọ́lé. Ọlọ́pàá ló ni ìyẹn, ọlọ́pàá kì í sì í ṣe ti Èkó.

Abala 214 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Abala 215 gba gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nà náà lè ní kí wọ́n dúró ná, kí òun kọ́kọ́ fi tó ààrẹ létí. Gómìnà tí gbogbo èèyàn ń pè ní olórí ààbò ìpínlẹ̀ kò lè gba ọlọ́pàá kan síṣẹ́, kò sì lè gbé ọ̀kan kúrò ní Ìkejà lọ sí Àjáh. Nítorí èyí ni ìjọba Babátúndé Fashola fi dá àpò owó ààbò sílẹ̀ lọ́dún 2007: bí a ò bá ni ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ ká ra ohun èlò fún un. Ìjọba ń dáwó, iléeṣẹ́ ń dáwó, olówó ń dáwó. Ọkọ̀ tí ikọ̀ ọlọ́pàá RRS ń gùn kiri ìgboro, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, epo, aṣọ ìgbàyà tí ọta kì í wọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá gbé Èkó láyé ìgbà tí àwọn adigunjalè ń fi ọ̀sán gangan ja báńkì kò ní pẹ̀gàn iṣẹ́ yìí, èmi náà kò pẹ̀gàn rẹ̀.

Síbẹ̀, iye èèyàn tí ọwọ́ tẹ̀ kọ́ ni iye tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Nọ́ńbà 767 àti 112 wà fún ẹni tó bá ń ké fún ìrànlọ́wọ́ ní Èkó. Yóò wù mí kí n gbọ́ iye ìṣẹ́jú tó máa ń gbà kí wọ́n tó dé Àlímòṣọ́, àti iye tó ń gbà kí wọ́n tó dé Victoria Island, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kíka àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ nìkan léwu, a sì ti rí ewu náà. Àwọn SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè nígbà náà, mú èèyàn púpọ̀. Wọ́n mú ọ̀dọ́ nítorí irun, nítorí kọ̀ǹpútà, nítorí ọkọ̀ tó dára. Bó bá jẹ́ iye tí ọwọ́ tẹ̀ nìkan la fi ń díwọ̀n iṣẹ́, òṣìṣẹ́ dáadáa ni gbogbo wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fẹ̀hónú hàn sí wọn, a sì mọ bó ṣe parí pẹ̀lú ìbọn ní ẹnubodè Lẹ́kí, a mọ iye àgọ́ ọlọ́pàá tó jóná ní Èkó. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀ jókòó fún nǹkan bí ọdún kan láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọlọ́pàá fìyà jẹ, kí wọ́n tó gbé ìjábọ̀ wọn kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ilé Ìkòyí wó. Nínú oṣù kan náà, ìlú wa gba èsì lórí ohun méjèèjì tí a ti ń fi iye lásán tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́lé lápá Ìkòròdú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì gba gbogbo ìwé tí ìjọba béèrè: sọ́fè, pláànù ilé, ìwé owó orí, títí kan ìwé àṣẹ tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó fáńdéṣọ̀n wa ńkọ́?"

Ó nawọ́ ìwé àṣẹ sí wọn. Èyí tó ṣe ẹnu fún wọn kò tiẹ̀ wò ó. "Ti ìjọba nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Àwa la ni ibí."

Wọ́n kó ṣọ́bìrì àti agbada àwọn lébìrà, wọ́n jókòó lé bẹ́ǹṣì, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó wà nídìí káńtà fi sùúrù gbọ́ ọ, ó sì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Bàbá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ gbé wá yìí. Ẹ lọ fi pẹ̀lẹ́tù yanjú ẹ̀ láàárín ara yín." Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sanwó fáńdéṣọ̀n. Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn, wọ́n tún dé. Nígbà tó fẹ́ kan òrùlé, wọ́n tún dé.

Ìwé àṣẹ ẹ̀gbọ́n mi wà lára iye tí wọ́n kà ní Aláùsá lọ́dún yẹn. Ẹ̀sùn tó gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kò sí lára iye tí wọ́n kà níbì kankan. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fara dà á, ó pẹ́ kó tó parí ilé ni. Ẹlòmíràn á yọ ọ́ lára irin, á dín sìmẹ́ǹtì kù, á ní kí bíríkìlà fi yanrìn kún un. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀ràn ilé àti ọ̀ràn ọlọ́pàá ń gbà pa èèyàn.

Òfin sì ti wà o. Gómìnà Akínwùnmí Ambode buwọ́ lu òfin ààbò dúkìá ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló sì wà fún un. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, tàbí tó ń dá iṣẹ́ dúró, lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹbí onílẹ̀ tó bá ní ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ lè gba owó ìpìlẹ̀ tí àṣà fàyè gbà. Àwọn ajagungbalẹ̀ mọ ihò yẹn dáadáa. Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ẹbí ló rán àwọn, ọlọ́pàá tí kò bá sì fẹ́ wàhálà á gbà bẹ́ẹ̀, láì ní kí wọ́n mú ìdájọ́ náà wá kí òun rí i.

Ní ọdún 2024, ìjọba Èkó kéde àsìkò àánú fún àwọn tó ti kọ́lé láìgbàṣẹ, kí wọ́n wá gbàwé láìsan owó ìjìyà, wọ́n sì tún sún àsìkò náà síwájú. Mo rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ó sàn kí ilé wà nínú ìwé ju kó fara pamọ́ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé iye ìwé la fẹ́ kó pọ̀ sí i, ọdún tí wọ́n bá ṣàánú ni ìṣirò máa dára jù lọ, bẹ́ẹ̀ ilé tí kò lágbára ṣì dúró bó ṣe wà lánàá. Ìwé tí a fún ilé lẹ́yìn tó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá kò wúlò bí ẹnikẹ́ni ò bá fi ẹ̀rọ yẹ òpó rẹ̀ wò.

Nílùú New York, ẹnikẹ́ni lè tẹ àdírẹ́sì ilé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ̀sùn tí aládùúgbò fi kàn án, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí olùyẹ̀wò rí níbẹ̀. Kò gba kí èèyàn mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Brooklyn mọ̀ ọ́n lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ háyà ilé. Èkó náà ti gbé ìgbàwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń kọ́lé. Ohun tó kù ni kí aládùúgbò náà lè wọlé wò ó, kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lè mọ̀ bóyá àjà mẹ́rin ni wọ́n gbàṣẹ rẹ̀ àbí méje.

Àwọn kan á sọ pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló máa tán gbogbo èyí. Mo fara mọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tí a bá gbé e dé, tí a ṣì ń ka ọkọ̀ àti iye tí ọwọ́ tẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ọlọ́pàá nìkan ló máa yí padà. Kó tó dé, Èkó ní ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀. Òru ni wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń po kọ́ńkéré lẹ́yìn géètì tí ìjọba ti tì. Iṣẹ́ tí a lè fún wọn lọ́la nìyẹn: kí wọ́n kọ orúkọ òpópónà àti aago tí wọ́n gbọ́ ọ sílẹ̀, kí ó dé ọ̀dọ̀ LASBCA àti àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì kà á lópin ọdún, ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, ní gbogbo ogún tí Èkó ní.

Aráàlú lè lọ síbi ìpàdé ààbò tó máa ń wáyé níparí ọdún. Ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá kàn, kó bá mi bi kọmíṣọ́nà ètò ìlú àti kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá papọ̀, kí ẹnì kan má lè ju ọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì: nínú àwọn ilé tí ẹ fi èdìdì tì lọ́dún yìí, mélòó ni wọ́n já èdìdì rẹ̀, ta ni ẹ mú, ta ló ti dé iwájú adájọ́?